Ẹja Inú Ìgò Tí Iye Mi Pè Lọ́mọ

Bí mo bá wálé sí Òdìgbò, kò sẹ́ni tó ń bi mí bí mo ṣe dé òkè òkun. Wọ́n gbà pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé mi, ó sì tán síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" Màá wúkọ́ díẹ̀, màá ní, "Ẹja ni mò ń tọ́jú." Kíá ni ojú wọn á dán. Wọ́n ti rí adágún ẹja lọ́kàn wọn, wọ́n ti rí ẹja àrọ̀ tó ń ta ìrù lu ara wọn, wọ́n sì ti rí èmi lórí àga lábẹ́ agboòrùn. "Ó dáa o! Òwò ẹja ò láìfí." Mi ò jẹ́ fi kún un pé gbogbo ẹja tí mò ń tọ́jú ló ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀rẹ̀ kí n tó lọ. Mo mọ inú ojú ọ̀pọ̀lọ́ ju bí ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ìlú tí mo wá bá ara mi wà létí òkun ní òkè Sìkọ́tílándì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń ṣí fìlà lórí ènìyàn bí ẹni pé òun ló ra fìlà náà.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Òtútù, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé iṣẹ́ ìjọba ni oòrùn ibẹ̀ ń ṣe: á pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́, á sì tètè lọ sílé. Ọ̀sán ṣì ń pọ́n lójú tèmi, ilẹ̀ ti ṣú. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń wojú ọ̀run, mo rò pé òjò ló fẹ́ rọ̀.

Ìkíni ló tẹ̀ lé e. Mò ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú títì. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Ọkùnrin kan dúró, ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ní Òdìgbò, bí o bá kọjá lára ènìyàn láìkí i, kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí ilé yín láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ló gbà mí síṣẹ́. Ẹja inú ibú òkun ni wọ́n kó síbẹ̀, èyí tí oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Kálukú wà nínú ìgò tirẹ̀, wọ́n da ọtí líle lé e lórí kó má baà jẹrà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè wá máa pariwo síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n nu ìgò, kí n fọ ilẹ̀, kí n sì máa wò ó bóyá ọtí inú ìgò kankan ti ń fà. Ní Ọ̀rẹ̀, bí ọtí bá ń fà nínú ìgò tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́, a mọ ẹni tí a ó lọ mú. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ní ó ń mu ún.

Móírà ni ọ̀gá mi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pè é ní Mà.

"Má pè mí ní Mà," ló wí. "Móírà ni kí o máa pè mí."

"Ó ti dáa, Àǹtí Móírà."

"Ṣé àbúrò ìyá rẹ ni mí ni?"

"Rárá o. Ọ̀gá mi ni yín."

"Nígbà náà, Móírà."

Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Fún oṣù bíi mélòó kan, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rárá. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró sí ibi tí yóò ti rí mi, màá máa nu ìgò títí yóò fi bojú wò mí.

Ṣùgbọ́n òun ló ṣàlàyé ojú àwọn ẹja náà fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀, ìwà tíṣà kò tíì kúrò lára mi.

Bí a bá ń rì sínú òkun, ìmọ́lẹ̀ á máa fi wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pupa ló ń kọ́kọ́ kú, àwọ̀ yòókù á tẹ̀ lé e, títí á fi ku aró fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ojú ọ̀run nígbà tí àkùkọ ń kọ. Tí a bá tún rì sí i, ìyẹn náà á tán. Ẹja tó bá ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n ojú dá. Òmíràn, ojú rẹ̀ ti gba gbogbo orí, ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò, kí ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó bá yà má baà kọjá lásán. Òmíràn ní ohun tó dà bíi dígí lẹ́yìn ojú. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò bá rí gbá mú nígbà tó ń wọlé, dígí yẹn á dá a padà kí ojú tún un gbá mú. Àwọn ọdẹ Àràròmí-Obù mọ ohun tí mò ń wí: bí wọ́n bá tan iná orí wọn sínú igbó, ojú ẹtu á dá iná náà padà fún wọn. Òmíràn tún wà tó gbé iná pupa sábẹ́ ojú. Àwọn ẹja yòókù kò lè rí àwọ̀ pupa, nítorí náà ó ń tan iná wò wọ́n, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń wò. Mo mọ àwọn ìyá ìjọ kan ní Òdìgbò tó ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ gbàdúrà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹja olójú ọ̀pá. Ojú rẹ̀ méjèèjì gùn bí ọ̀pá ìbọn, òkè ni wọ́n sì kọjú sí. Kò ráyè ẹ̀gbẹ́. Ó kàn dúró nínú òkùnkùn, ó ń wòkè, bí ẹni tó ń retí kí máńgòrò já. Ohunkóhun tó bá kọjá lókè rẹ̀, òjìji rẹ̀ ló ń rí, á sì fò gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti so fìtílà wẹ́wẹ́ mọ́ abẹ́ ikùn ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ òkè bá ṣe mọ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò tan tirẹ̀ mọ, títí òjìji rẹ̀ á fi pòórá. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wòkè títí, kò ní rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí Móírà sọ èyí, ẹ̀rín pa mí débi pé mo fi ìgò sílẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Mo rí àwọn ará ilé mi ni," ni mo wí. "Mo tún rí ara mi."

Àbí kí ni? Gbogbo Òdìgbò ni olójú ọ̀pá tó bá kan ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun. Òkè ni wọ́n ń wò. Àwa tí a sì wà lókè ọ̀hún, a ti so fìtílà mọ́ ikùn. Mo mọ ọkùnrin kan láti Òkìtìpupa tí kò ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n tó ń yàwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tuntun lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń dúró de kó kúrò kí wọ́n lè wa ọkọ̀ wọn. Mo mọ ìyá kan tó ń wẹ àwọn arúgbó, tó ní òun ń bójú tó ètò ìlera. Èmi ńkọ́? Ẹnì kan gbàgbé ẹ̀wù òtútù olówó iyebíye kan sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, kò padà wá gbà á, Móírà sì fún mi. Ẹni tó ni ẹ̀wù náà ga jù mí lọ, ó sì fẹ̀ léjìká jù mí lọ. Kò sí ìpè tí mo pè sílé tí ẹ̀wù yẹn kò bá mi jẹ́.

Wọ́n á bèèrè pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Màá ní, "Láìpẹ́." Láìpẹ́ tèmi dà bí ọ̀dà, epo dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, tó wà nínú ilẹ̀ Àgbábù: láti ìgbà tí wọ́n ti bí bàbá mi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo ènìyàn gbà pé ó wà, kò sì sí ẹni tó tíì rí i kó jáde.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílùú yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ni mo ti rí i. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan ń ta ẹja létí omi lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí i tó gé orí ẹja ńlá kan, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ara mi bù máṣọ. Nílé wa, orí ẹja, ti Iye ni. Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá nìyẹn. Iye mi á fa gbogbo orí náà mu, á fi ahọ́n wá ojú rẹ̀ kàn, á sì tu ìlẹ̀kẹ̀ funfun kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lèmi àti Fọlákẹ́ àbúrò mi máa ń jà lé lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú orí yẹn?" ni mo bi ẹlẹ́ja.

"Fún ajá rẹ ni?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ẹ ò rí wàhálà. "Olóyè," ni mo wí.

Láti ọjọ́ náà, orí ẹja di ọ̀fẹ́. Ẹlẹ́ja á ti rí mi lókèèrè, á ní, "Olóyè ńkọ́?" Màá ní àlàáfíà ló wà. Nígbà tí òtútù dá mi dùbúlẹ̀, mo ṣàlàyé pé Olóyè kò gbádùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfìgbà tó jẹ ọbẹ̀ ata kí ara rẹ̀ tó yá. Ẹlẹ́ja lanu. "Ajá tó ń jẹ ata?" Nígbà ọdún Kérésì, ó fún Olóyè ní bisikíìtì ajá, ó fi rìbọ́ọ̀nù so ó. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní nílùú náà, orí irọ́ la sì kọ́ ọ lé. Mo sọ fún Iye lórí fóònù pé oyìnbó ń fún mi ní orí ẹja nítorí ipò tí mo wà. Iye dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó wá ku ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Ìsinmi ọ̀sán ni. Mo jókòó lórí àpótí láàárín àwọn ìgò, mo wọ ẹ̀wù òtútù náà, mo pe ilé lórí fídíò kọ́ọ̀lù. Orí pèpéle ìsákòkó ni Iye máa ń jókòó sí bí mo bá pè, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gbéra nínú ọgbà wa. Fọlákẹ́, tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn onímọ́tò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ti gun ọ̀kadà wá kí wọn. Ó gbé fóònù lé Iye lọ́wọ́, ó sì lọ fi ẹsẹ̀ da kòkó tí wọ́n sá sí ìkangun pèpéle.

"Ọma mi!" Iye pariwo, bí ẹni pé ariwo ló ń gbé ohùn kọjá òkun. "Ṣé o wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, Iye. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo fẹ́ gbé fóònù sókè kí ọrùn ẹ̀wù lè hàn, ni ìka mi bá ṣèèṣì tẹ ibi tí kò yẹ. Àwòrán mi tí Iye ń rí yí padà. Mi ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìgò tó wà níwájú mi ló kún ojú fóònù wọn: ẹja dúdú kan, ẹnu rẹ̀ ya dé etí, eyín rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ ìránpò, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

Mo fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n Iye ti bẹ̀rẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Wò ó bí o ṣe sanra! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti kún. Ara rẹ ń dán. Oyìnbó ń tọ́jú rẹ o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ wọ́n fún àwàdà. "Iye, ẹ wò ó dáadáa."

"Mò ń wò ó. Ẹ̀rín rẹ ni mò ń wò yẹn, bí ti ìgbà tí o wà ní kékeré. Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu rẹ."

Ẹ̀rín tèmi tán. Ẹja náà kò dákẹ́ rírẹ́rìn-ín. Iye ń wúre fún un, wọ́n ní yóò jèrè ọmọ, wọ́n ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ yóò máa wò ó ni, wọn ò ní rí i gbé ṣe. Ibẹ̀ ni Fọlákẹ́ ti padà dé, ó bẹ ojú wo fóònù láti ẹ̀yìn wọn.

"Yéè! Jésù! Kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," Iye dá a lóhùn. "Kí i."

Fọlákẹ́ kò kí mi. Ó wo Iye, ó tún wo fóònù. Nígbà náà ni mo rí ohun tí ẹ̀wù òtútù kò jẹ́ kí n rí láti ọjọ́ yìí wá. Iye gbé fóònù súnmọ́ ojú, ojú wọn sì kún gbogbo àwòrán. Àárín ọmọlójú wọn funfun. Mo gbé orí sókè, mo wo ẹja inú ìgò. Ọtí ti sọ ojú tirẹ̀ náà di funfun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Iye," ni mo wí, "ẹ ò ríran mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Mò ń bá ọ ṣeré ni."

"Kí lẹ rí?"

Wọ́n rò ó. "Nǹkan."

Lẹ́yìn èyí ni Fọlákẹ́ wá ń tọpinpin, ó sì ń pè mí láti Ọ̀rẹ̀ láti ròyìn. Iye náà ti so fìtílà mọ́ ikùn tipẹ́! Ikọ́ ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn. Bí ẹnì kan bá wọlé tí kò wúkọ́, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ta ló máa sọ pé èmi kọ́? Tó bá jẹ́ ti kòkó, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á fún un pọ̀, tó bá ti dún wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Àwọn alágbàṣe tó ń bá wọn ṣe oko kò fura rárá. Wọ́n ní Ìyá ti gbọ́n jù, wọn kì í wo kòkó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Fọlákẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ìlú Oǹdó. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ó sì ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìmọ́lẹ̀ tó kù lè tán. Iye dìde lórí àga, wọ́n ní ó yá, ilé.

Mo pè wọ́n. Mo ṣe bí ọkùnrin.

"Iye, kí ló dé tí ẹ kọ iṣẹ́ abẹ?"

"Wọ́n á yọ ẹyin ojú mi síta, wọ́n á gbé e sínú àwo, wọ́n á fi omi ṣàn án. Bí ológbò bá gbé e ńkọ́?"

"Kò sí ológbò ní ilé ìwòsàn."

"Ṣé o ti débẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé kò sí ológbò?"

Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ológbò Iye ló borí mi. Ìgbà tí Fọlákẹ́ lọ bomi ni Iye tó rẹ ohùn sílẹ̀, tí wọ́n sọ ìdí tó wà lábẹ́ ìdí.

"Bí ayé bá ti lè mọ̀ pé mi ò ríran, Fọlákẹ́ á kó mi lọ Ọ̀rẹ̀. Á gbé mi kalẹ̀ lójú kan bí ẹrù tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní gáréèjì, màá máa gbọ́ fèrè mọ́tò láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò lọ. Oko mi nìyí. Mo mọ ibi tí gbogbo gbòǹgbò wà."

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ológbò. Èmi tí mò ń gbé níbi tí mi ò ti mọ gbòǹgbò kankan, tí mò ń kọsẹ̀ lójú títì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́, ó yẹ kí n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja fún wọn, olójú ọ̀pá, oníná pupa, gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbádùn rẹ̀ púpọ̀.

"Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́?" wọ́n bèèrè.

"Ìyẹn, àwọn mìíràn nínú wọn, ojú wọn ti kéré gan-an. Ara ni wọ́n fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì."

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun."

"Ṣé wọ́n ń bímọ?"

"Wọ́n ń bímọ."

"Ó parí. Èmi nìyẹn. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Wọ́n pa fóònù. Mo jókòó síwájú ìgò, ẹja dúdú ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ẹnu ara mi da ẹjọ́ mi nù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń se orí ẹja Olóyè, ọkàn mi kò sí nídìí ìkòkò. Mo fa ojú rẹ̀ mu, mo tu ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́, bí a ti ń ṣe. Mo wò ó. Ó funfun báláú. Mo rántí pé láàárọ̀, nígbà tí ẹlẹ́ja gbé e fún mi ní tútù, ojú náà mọ́ gaara bí omi ìsun. Mo fò sókè níbi tí mo wà. Mo pe ilé pẹ̀lú ọbẹ̀ lẹ́nu.

"Iye, ìlẹ̀kẹ̀ inú ojú ẹja, ẹ rántí rẹ̀?"

"Èmi tí mo jẹ ẹ́ títí?"

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Funfun ni."

"Iná ló sọ ọ́ di funfun. Ní tútù, bíi dígí ló rí, òun ni ẹja fi ń ríran. Ó wà lójú tiyín náà. Tiyín ló ti funfun báyìí. Dókítà ò ní fọwọ́ kan ẹyin ojú yín o. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nìkan ni yóò yọ, yóò sì fi èyí tó mọ́ sí i."

"Irọ́ ni," Iye wí. "Fọlákẹ́, lọ ra ẹja tútù."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Fọlákẹ́ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ra èpìyà tútù. Iye fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìlẹ̀kẹ̀ jáde láti ojú rẹ̀, wọ́n yí i kiri lórí àtẹ́lẹwọ́.

"Àwọ̀ wo ló ní?"

"Kò ní àwọ̀, Iye. Mò ń rí ilà ọwọ́ yín nínú rẹ̀."

"Búra."

Fọlákẹ́ búra. Iye sọ ọ́ sínú omi tó ń hó lórí ààrò, wọ́n jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n fi ṣíbí gbé e jáde, tó tutù, wọ́n tún yí i lọ́wọ́.

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Ó ti funfun bí ẹfun."

Iye di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú títí omi fi gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi Fọlákẹ́ pé, "Iná wo ló wá sè mí?"

Fọlákẹ́ ní oòrùn orí pèpéle kòkó ni, àti ọjọ́ orí. Iye ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n àwọn ní àdéhùn. Ojú kan ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, kó lè jẹ́ pé bí ológbò bá gbé e, ọ̀kan á ṣì kù. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá yọ, kí dókítà kó o fún àwọn, àwọn kì í fi nǹkan àwọn sílẹ̀ nílé onílé. Ẹ̀kẹta, bó dára bí kò dára, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kó àwọn lọ Ọ̀rẹ̀. Fọlákẹ́ tún búra.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ìgò kan ṣoṣo ni mò ń nù. Tí n bá rò pé mo ti kúrò nídìí rẹ̀, màá tún bá ara mi nídìí rẹ̀. Bí ojú yẹn bá bàjẹ́, èmi àti ẹja mi la ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Móírà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìgò yẹn ti mọ́," ló wí.

"Ìyá mi," ni mo wí. "Wọ́n ń ṣe ojú wọn lónìí."

Kò sọ pé yóò dára. Ó lọ po tíì, ó gbé e wá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù ìgò. Mo jókòó tì í. Àwa méjèèjì ń wo ẹja, ẹja ń wò wá. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ti kí mi.

"O ṣeun, Móírà," ni mo wí nígbà tó dìde.

Ó yíjú padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe orúkọ rẹ̀ lásán.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú wọn. Fọlákẹ́ ní òun á pè mí kí Iye tó rí ẹnikẹ́ni, kí n lè wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin ará, àṣà burúkú. Mo múra bí ẹni tó ń lọ ṣègbéyàwó. Mo wọ ẹ̀wù òtútù yẹn, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé tó dára jù nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo gbé àgbọ̀n sókè. Fóònù dún.

Iye wà ní Oǹdó, lórí àga ilé ìwòsàn. Ojú kan ṣí, èkejì ṣì funfun. Ojú tó ṣí náà dúdú, ó sì ń tàn. Ó wò mí. Kò yẹra.

"Fọlákẹ́," wọ́n wí, "ta ni bàbá yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá ni, Iye."

"Bọ̀ọ̀dá ta?"

"Bọ̀ọ̀dá mi. Ọmọ yín."

Ojú náà gòkè sí orí mi. "Gbogbo orí ti funfun." Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn mi. "Ẹ̀wù yìí, ti ta ni? Ibi tí èjìká rẹ parí sí kọ́ ni èjìká ẹ̀wù parí sí." Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ojú náà ti kọjá mi lọ sẹ́yìn. "Garawa àti ọ̀pá tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn ńkọ́? Ìwọ lo ni wọ́n?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo gbàgbé wọn síbẹ̀, mọ́ọ̀pù nínú garawa, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Èmi ni, Iye."

Fọlákẹ́ mí kanlẹ̀. Ojú Iye sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀.

"Ilẹ̀ yẹn mọ́," wọ́n wí. "Mò ń rí ojú fèrèsé nínú rẹ̀. Ìwọ lo fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Èmi ni mo kọ́ ọ." Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà, wọ́n súnmọ́ fóònù. "Èyí tí mo kí lọ́jọ́ ọ̀hún dà? Èyí tó sanra."

Mo bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀. Mo gbé fóònù lọ sídìí ìgò. Iye wo ẹja dúdú láti orí dé ìrù. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n wo eyín rẹ̀, wọ́n pẹ́ lórí ojú rẹ̀.

"Ó jọ bàbá rẹ," wọ́n wí. "Eyín yẹn gan-an."

Fọlákẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àwòrán ń gbọ̀n, ó dà bí ẹni pé ẹja náà jí.

"Ó tó," Iye wí. "Dá fóònù padà sọ́dọ̀ èyí tó rù. Òun ni mo bí."